Ọjọ́ Ẹtì Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ọ̀sẹ̀ Wa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ìwé dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ láago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì jà tán lórí epo ni ìránṣẹ́ wọn wọlé, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo ti gbà á. Owó kò sí mọ́, ohun tí ìwé náà wí nìyẹn, ṣùgbọ́n ojú ewé méjì gbáko ni wọ́n fi sọ ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ìbá sọ. Láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo ilé ìwé yóò máa ṣí lọ́sẹ̀ dípò márùn-ún, kí owó epo, owó iná àti owó oúnjẹ ọ̀sán lè dín kù. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè yan ọjọ́ tí yóò máa tì. Kí èsì dé ọwọ́ wọn láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá fèsì, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tì fún un.

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀. Èèyàn kì í rí òrùlé tó ń jò fún ọdún méjì kó máa retí pé wọn yóò fi owó kún owó. Àmọ́ kí wọ́n gba ọjọ́ yòówù lọ́wọ́ mi, kó má ṣe jẹ́ Ẹtì.

Ìyá Kíláàsì ka ìlà mẹ́ta lónìí láìdúró. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ọdún méjìlá ni láàárín àwọn ọlọ́dún mẹ́jọ, eékún rẹ̀ kì í sì í wọ abẹ́ tábìlì. Kò bínú sí orúkọ náà. Ó ní ó sàn ju kí wọ́n máa pe òun ní òpè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ìpàdé olùkọ́. Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré la jókòó sí, torí ibẹ̀ ni kò jò, gbogbo wa ká eékún sókè lórí àga kúkúrú. Igbákejì mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọn ò rówó epo, ọjọ́ ni wọ́n wá ń gé."

"Ta lò ń sọ ọ́ fún? Ṣé èmi ni mo gé e ni?"

Mo mọ̀ pé mo jágbe mọ́ ọn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Mo ní Ajé ni kí a yàn. Ni tíṣà kíláàsì kẹta bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ìgbà tí owó ò sí yìí náà lẹ fẹ́ ká ti Ajé mọ́ta?" Ẹlòmíràn ní ṣebí Ẹtì ló ń jẹ́, ẹ jẹ́ kó tì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti rẹ́rìn-ín pọ̀ gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ Ìyá Kíláàsì àti iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ tó ń dúró dè é lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ bí a bá ti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rín tán. Igbákejì ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ Ajé, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo yà sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ nígbà tí a jáde. Àǹtí Ìyá Kíláàsì ni, àbúrò ìyá rẹ̀ tó kú. Òun ló ń bọ́ ọ. Yàrá kan ṣoṣo ló ti ń ṣiṣẹ́: ọpọ́n omi mẹ́ta, okùn tó la inú yàrá kọjá, áyọ́ọ̀nù méjì, òórùn ọṣẹ tó ń ta èèyàn nímú. Kò dáwọ́ dúró nígbà tí mo wọlé. N kò kà á sí. Èmi náà kì í dáwọ́ dúró bí òbí bá bá mi lẹ́nu iṣẹ́.

"Tíṣà àgbà, ẹ jókòó sórí àpò yẹn. Aṣọ tó ti mọ́ ló wà nínú ẹ̀."

Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún un. Ó ń fún aṣọ, ó ń gbọ́.

"Ẹ rántí àdéhùn wa," ó ní. "Ọjọ́ tí ilé ìwé bá ṣí, tiyín ni. Ọjọ́ tí kò bá ṣí, tèmi ni. Mi ò yẹ̀ ẹ́ rí."

"Ẹ ò yẹ̀ ẹ́."

"Tó bá jẹ́ Ajé lẹ máa tì, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ Ajé, eṣinṣin ni mò ń lé níbí. Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì ni òtẹ́ẹ̀lì ń kó aṣọ ibùsùn wá, ogójì, àádọ́ta, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Ọwọ́ mi méjèèjì ò ká a mọ́. Máníjà wọn ti rí ọmọ náà. Ó ní ọwọ́ ẹ̀ yá, kí n mú un wá kó máa bá wọn tún yàrá ṣe. Mo ní ó ń lọ sílé ìwé. Ó ní, 'Lójoojúmọ́?' Mo ní lójoojúmọ́."

Ó dáwọ́ dúró wàyí, ó wò mí.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi? Lójoojúmọ́ yẹn ni mo fi ń dá a lóhùn."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, Ajé ni yóò jẹ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Búrẹ́dì ti tún gbówó lórí. Ìyá alásè ń gé ẹyọ kan sí mẹ́fà báyìí, mẹ́rin ló máa ń gé e sí tẹ́lẹ̀.

Ìyá Kíláàsì dúró tì mí lẹ́yìn tí a jáde, bó ti máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wákàtí méjì tó jẹ́ tèmi àti tirẹ̀ nìkan. Ó bi mí pé pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, wọn ò fi àmì ohùn kankan sórí ọ̀rọ̀ ibẹ̀, báwo làwọn tó ń kà á ṣe ń mọ̀ ọ́n? Mo ní wọ́n ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kà á.

"Wọn ò kà á nìyẹn, mà."

Mo ṣí ìwé rẹ̀, mo ní kó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kọ èsì ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Baálé mi, tó ń pọ́n ayùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, na ọrùn wò ó. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ń bẹ̀ wọ́n ni àbí o ń nà wọ́n?" Mo yọ ìlà méjì kúrò. Ó ní òun yóò wá kan òrùlé kíláàsì kẹrin fún wa bí òjò bá dá, òun kò sì ní gba owó. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Gbogbo olùkọ́ ti fọwọ́ sí i. Alága àwọn òbí nìkan ló kù, ó rìnrìn àjò, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni yóò dé. Igbákejì mi wá bá mi láago méjì.

"Ẹ fún mi kí n mú un lọ lónìí, Ọ̀gá. Ká má dúró de alága. Ó jọ pé ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́jọ."

"Ọ̀la kẹ̀? Ọjọ́ kẹrin ni ìwé dé ọwọ́ wa. Mẹ́rin àti mẹ́jọ?"

"Méjìlá, mà."

"Ọjọ́rú nìyẹn."

Ojú rẹ̀ kò gbà. Mo bá mú un lọ síwájú ìlà òǹkà tí mo fi ọ̀dà kùn sára ògiri kíláàsì kejì, mo fi ìka lé mẹ́rin. "Kí ni mo máa ń sọ fáwọn ọmọ? Ibi tí ẹsẹ̀ wà kì í ṣe ìṣísẹ̀. Ó yá, ka ìṣísẹ̀ mẹ́jọ." Àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó kà á, ó sì bọ́ sórí méjìlá. Ó ní mo jàre.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò látàárọ̀. Alága dé láago mẹ́fà ààbọ̀, ó fọwọ́ sí i nínú ọkọ̀ rẹ̀ láìtíì sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àgbà ọkùnrin kan tó so gíláàsì kọ́ ọrùn ló wà nídìí fèrèsé. Ó ka ìwé mi látòkèdélẹ̀, ó ń mi orí, ó ní ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé. Ó nawọ́ sí òǹtẹ̀. Ó wá ṣí ìwé ńlá tí wọ́n fi kọ ọjọ́ tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan gba ìwé tirẹ̀, ó wò ó, ó sì gbé òǹtẹ̀ náà sílẹ̀.

"Ó ti kọjá, Ìyá."

"Kí ló kọjá? Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ."

"Àná ni." Ó fi ìka kà á fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo gbà á gan-an. "Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Mẹ́jọ."

"Ẹ tún ka ọjọ́ tí mo gbà á mọ́ ọn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Tí mo bá ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ mẹ́jọ òní, ọjọ́ wo lẹ máa wá?"

 Ọjọ́rú ni. Ọjọ́rú ni n óò wá, Ọjọ́rú ni ẹnikẹ́ni yóò wá. Ìyá tó bí mi, tí kò wo inú ìwé rí láyé rẹ̀, kò lè ṣì í kà. Kò sí ẹni tí í ka ọjọ́ mẹ́ta òní kó má bẹ̀rẹ̀ láti òní. Èmi ọ̀mọ̀wé ni mo lọ fi òǹkà ara ògiri ka ọjọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, mo sì kó àgídí lé e.

"Ẹ bá mi gbà á. Ọjọ́ kan péré ni."

"Tó bá ṣe ti ọkàn mi ni, màá gbà á. Ìrọ̀lẹ́ àná ni orúkọ àwọn tí ò fèsì ti lọ sókè. Elépo, olóúnjẹ, awakọ̀, wọ́n ti kọ Ẹtì fún gbogbo wọn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, Ìyá."

Ó tẹ ìwé mi lóǹtẹ̀ pé ó pẹ́ kó tó dé, ó fún mi lẹ́dà kan, ó sì ní kí n má bínú. Kò sí ìwà burúkú kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo lè dì mú.

Mo sunkún nínú ọkọ̀. Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ náà mi orí, ó ní, "Màmá, ẹ má sunkún mọ́, màá fún yín ní ṣéńjì yín."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ fún àwọn olùkọ́. Igbákejì mi kò sọ pé òun ti wí i. Ó sàn kó ti sọ ọ́. Mo pè é lọ sí kíláàsì kejì, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ọmọ, torí iwájú wọn ni mo ti fi í ṣẹ̀sín. Ó ń fà mí lọ́wọ́ pé ó tó, ó tó, Ọ̀gá.

Mo yà sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ó gbọ́ ọ tán. "Ẹ̀yin lẹ ní Ajé ni," ó ní. Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ló tó sọ pé, "Ó dáa."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú ewé mẹ́rin ni Ìyá Kíláàsì kà lónìí. A jókòó títí aṣọ́nà fi wá ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọjọ́ kìíní ètò tuntun. Wọ́n ní kí wákàtí má bàa sọnù, kí a pín ti Ẹtì sórí àwọn ọjọ́ tó kù, kí a máa jáde láago mẹ́rin. Nígbà tí aago mẹ́ta fi máa lù, ìdajì kíláàsì kìíní ti gbé orí lé tábìlì, tíṣà wọn ń ka ìtàn fún irun orí. Ó bi mí bóyá kí òun jí wọn. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n sùn, oorun náà wà nínú wákàtí tí ìjọba rà.

Wákàtí tèmi àti Ìyá Kíláàsì kò sí nínú èyí tí wọ́n pín. Ní aago mẹ́rin, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ láìsí wa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Ìyá alásè wá bá mi. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ti já kúrò nínú tirẹ̀ lọ́sẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò sọ fún onílé. Mo fún un ní ìwọ̀n tí mo ní lọ́wọ́. Baálé mi wá kan òrùlé kíláàsì kẹrin tán lónìí. A da omi garawa méjì sórí rẹ̀, kò jò. Mo yọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ sílé ìwé bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Aṣọ́nà ní, "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé nǹkan ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, mo to àga tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mò ń padà, mo dúró ní òdì kejì títì tó dojú kọ ilé alágbàfọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyá Kíláàsì tẹ̀ ba ọpọ́n, omi dé ìgúnpá rẹ̀, aṣọ ibùsùn funfun ga lẹ́yìn rẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Kò rí mi. Mo gba ọ̀nà ilé lọ láìsọdá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó wá. Ọṣẹ ti bó o níka, kò lè di pẹ́ńsù mú dáadáa. Ó sùn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ka ìlà kan, ó ṣìnà láàárín rẹ̀, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún ṣìnà níbi kan náà. Ó ní kí n má bínú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Kò wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù tuntun

Ọjọ́ kẹta tí n kò rí i nìyí. Mo lọ bá alágbàfọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó dáwọ́ dúró, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé àga fún mi. Ìgbà tó gbé àga yẹn ni mo ti mọ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì tó lọ, máníjà fúnra ẹ̀ ló bá aṣọ wá. Ó bá ọmọ náà nídìí áyọ́ọ̀nù. Ó ní, 'Ẹni tó ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ kọ́ lo pè yìí?' Kí ni kí n sọ? Ó ní tí ọmọ náà ò bá wá bá òun ṣiṣẹ́, òun á kó aṣọ òun lọ síbòmíì. Gbogbo ohun tí mo fi ń jẹun ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, Tíṣà àgbà. Èmi àti ọmọ náà la jọ ń jẹ ẹ́."

Mo ní ṣé máníjà kò lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí ìjọba fúnra wọn bá lè gé ọjọ́ kan, òun náà lè gé èyí tó kù."

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo, ara ìbá tù mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Ọ́fíìsì fẹ́ mọ ọmọ tó ti kúrò láti ìgbà tí ètò tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́: ó kó lọ, ó ṣàìsàn, ó kú, ìdí mìíràn. Ọmọ mẹ́rin. Mo kọ ti àwọn mẹ́ta. Ní ti Ìyá Kíláàsì, mo kọ ọ́ pé ọ̀gá ilé ìwé mú kí èsì fi ọjọ́ kan pẹ́, ọmọ náà sì bá ọjọ́ náà lọ. Igbákejì mi kà á, ó ní wọ́n á dá a padà. Mo ní kí wọ́n dá a padà, n óò tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ sí ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì lónìí. Òjò ń ṣẹ́. Ó jáde wá da omi ìnulẹ̀ nù, ọwọ́ aṣọ búlúù tí wọ́n fún un kọjá ìka ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti ká a lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù kí n tó lè dá a dúró.

Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣi ọjọ́ kà, pé wọ́n kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́. N kò mọ ohun tí mo ń wá lẹ́nu ọmọ ọdún méjìlá. Ó fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu omi òjò ojú rẹ̀.

"Ẹ má sunkún, mà. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ níbí."

"Ṣé o ṣì ń kàwé?"

"Àyè ò sí, mà." Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́jọ́ tí mo dé, máníjà bi mí pé ṣé mo mọ̀wé kà. Ó ní ẹni tó máa máa ka orúkọ ara aṣọ àwọn àlejò lòún ń wá gan-an. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni iṣẹ́ yẹn, ó ní màá ráyè lọ sílé ìwé láàárọ̀."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní ó ku díẹ̀."

Wọ́n pè é nínú. Ó gbé garawa rẹ̀, ó wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé nítorí òjò. Òótọ́ ló sọ. Bóyá ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ló kù, bó bá pọ̀ jù, mẹ́rin.